Èmi Ni Mò Ń Dáhùn Orúkọ Àwọn Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí àna mi, mo kí àwọn ọmọ ọmọ mi, Oníbéèrè àti Jẹ́jẹ́, mo kí gbogbo ilé, mo sì kí àga tí o jókòó lé ka ìwé yìí. Tí o kò bá tíì jókòó, jọ̀wọ́ jókòó. Ọlọ́run tó jí yín lónìí yóò jí yín lọ́la, ẹsẹ̀ yín ò ní gbé yín dé ibi àgbákò, ohun tí ẹ ń lé ò ní bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, obìnrin ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ wá wo bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nílé, ní Ọjọ́bọ̀ tí yóò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí ọ̀la, yóò bá yín lálàáfíà, ojú rẹ̀ yóò sì tutù sí yín. Àdúrà tó kẹ́yìn yẹn, láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èmi àti ìyá rẹ ti ń gbà á, a ò tíì sinmi.

Àlàáfíà ni ilé wà, àfi tí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, adìẹ ìyá rẹ tó ń sàba ti kó ọmọ mẹ́sàn-án jáde, mo sì ti kan ilẹ̀kùn mẹ́rin tán fún ẹni tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ìyá rẹ ń bínú sí mi. Ó ṣì ń gbé oúnjẹ fún mi ṣá, ṣùgbọ́n á kàn gbé e kalẹ̀ ni, kò ní sọ pé kí n wá jẹun, ìwọ náà sì mọ ohun tí ìyẹn ń wí nílé yìí. Ọmọ mi, mo ti ba nǹkan jẹ́. Ohun tí mo ṣe lè mú kí obìnrin ọ́fíìsì yẹn sọ pé òpùrọ́ ni ọ́, kí ó sì pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ padà síléèwé tí o ti yọ wọ́n. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, wàá gbé fóònù, fóònù oníkẹ́míìsì ló sì máa dún, gbogbo ẹni tó wá ra oògùn ikọ́ ni yóò gbọ́ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ wí.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa pé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ nílé, mo ní ó dáa, mo sì bọ́ síta lọ jókòó sórí pákó. Mo rò pé owó ni. Mo rò pé bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àna mi, tí ojú sì ń tì yín láti sọ. Lẹ́yìn náà lo fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù oníkẹ́míìsì, ó sì pè mí wá wò ó. Mo rí àwọn ọmọ nídìí tábìlì oúnjẹ yín, mo kí wọn. Mo kí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn nínú àwọn méjèèjì, Oníbéèrè kàn ń rẹ́rìn-ín, Jẹ́jẹ́ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo sọ fún oníkẹ́míìsì pé ó kúkú rí i fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí wọ́n kúrò níléèwé, wọn ò mọ àgbà kí mọ́. Ó ní kí n má bínú, àná ni wọ́n ti ya nǹkan ọ̀hún, wọn ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Mo ní bó tiẹ̀ jẹ́ àná, ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa yóò ti mọ̀ pé bàbá àgbà òun lè wò ó lónìí.

Ohun tí mo rí nínú fídíò yẹn ló lé oorun kúrò lójú mi. Aago ara ògiri yín ti lé ní mẹ́wàá, aṣọ tí wọ́n fi sùn ṣì wà lọ́rùn wọn. Ìwé kọ́ ni wọ́n ṣí, fúláwà ni wọ́n ń wọ̀n. Jẹ́jẹ́ di ife mú, Oníbéèrè di ṣíbí mú, fúláwà ti dé imú. Lẹ́yìn wọn, kọ̀ǹpútà kan wà ní ṣíṣí, obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, mo rí i láti orí dé àyà, ó tán síbẹ̀. Mo wò ó títí bóyá yóò dìde, kò dìde. Oníkẹ́míìsì ní olùkọ́ ìṣirò wọn nìyẹn, pé ẹ ń sanwó fún un. Ọmọ mi, ṣé o ti rí ẹsẹ̀ obìnrin yẹn rí? Mi ò ní kò lẹ́sẹ̀ o. Mo kàn ń bèèrè ni, torí olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè dìde lọ wo ohun tí ọmọ ń kọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an. Nígbà tí o wà ní ìwé karùn-ún, tí àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, mo dá ọ dúró sílé fún odindi ọdún kan. Mo sọ fún ọ̀gá iléèwé ìgbà náà pé èmi á máa kọ́ ọ nílé. Irọ́ ni mo pa. Orí kejì pákó ni mo ní kí o máa dì mú bí mo bá ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ á máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báàgì léjìká, ìwọ á dúró gbọn-in pẹ̀lú igi lọ́wọ́, o ò bínú, o ò sunkún, o kàn ń wò wọ́n títí wọ́n á fi yà ní kọ́nà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti gbọ́ pé ọmọ kan wà nílé, ojú rẹ yẹn ni mo máa ń rí. Mi ò sọ fún ọ rí. Ojú ń tì mí ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kan, mo wọ bàtà, mo sì lọ bá ọ̀gá iléèwé tó wà lódìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tí mo kan bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó fún. Mo ní kó kọ orúkọ Oníbéèrè sí ìwé kẹrin, kó kọ ti Jẹ́jẹ́ sí ìwé kejì, pé wọ́n ń bọ̀ láìpẹ́. Mo rò ó pé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ inú ilé yìí bá já sí òfo, àyè wọn á ti wà nílẹ̀. Ó kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní òfin wà, pé ọmọ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ fún ọjọ́ ìwé mẹ́wàá léraléra, tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, wọ́n á fi báírò pupa fa ìlà sí i. Mo bi í pé ṣé òfin sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó ronú sí i. Ó ní òun ò rí ibẹ̀ kà rí.

Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn. Kí agogo tó lù láàárọ̀, mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ní ìwé kejì. Èmi ni mo kan bẹ́ǹṣì yẹn lọ́dún tí a bí ọ, ọmọ ọdún méje ni mo sì kàn án fún, torí náà orúnkún mi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi ni. Tíṣà wọn kì í gbójú sókè tó bá ń pe orúkọ, ohùn ló ń gbọ́. Tó bá ti pe Jẹ́jẹ́, màá ní mo wà níbí, màá sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sáré lọ sí ìwé kẹrin kí wọ́n tó dé orí Oníbéèrè. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, mo yọ̀ ṣubú láàárín kíláàsì méjèèjì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti dáhùn. Wọ́n tún ṣe ìdánwò ìṣirò lọ́jọ́ kan, mo bá Jẹ́jẹ́ ṣe é, mo gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Jọ̀wọ́, má bá ọmọ náà wí, èmi ni.

Àwọn ọmọ kíláàsì fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí, wọ́n bi mí pé ta tiẹ̀ ni Jẹ́jẹ́. Mo ní ọmọ ọmọ mi ni, ó jìnnà ni, pé bí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ tí kò sẹ́ni tó gbé e, orúkọ yẹn á já bọ́ sílẹ̀ ni, kò sì dáa kí orúkọ ọmọ máa já bọ́ sílẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ kí wọ́n lè yé rẹ́rìn-ín ni o. Ọ̀gá iléèwé náà ò bá mi jà, torí ọ̀fẹ́ ni mò ń bá wọn tún bẹ́ǹṣì ṣe.

Ibẹ̀ la wà tí fọ́ọ̀mù tí o fi rán dírẹ́bà tó máa ń kó pákó wá fún mi láti ọ̀dọ̀ yín fi dé. O lẹ ìwé kékeré mọ́ ọn pé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ kí àgbà kan nínú ẹbí, tí kì í bá yín gbélé, wá jẹ́rìí sí yín, pé kí n ṣáà fọwọ́ sí ìsàlẹ̀, kí n dá a padà fún dírẹ́bà. Ọmọ mi, mo kà á, ó yé mi. Ṣùgbọ́n mo wo fọ́ọ̀mù náà, àyè òfìfo mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, èmi ò sì gbé iṣẹ́ tí kò pé fún èèyàn rí. Ṣé mo lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù tí ò nílẹ̀kùn fún oníbàárà ni? Mo jókòó, mo yá báírò, mo sì dí gbogbo rẹ̀.

Wọ́n bèèrè pé ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo kọ ọ́ pé ìyá wọn ni, àti obìnrin kan tí mo rí láti orí dé àyà, pé èmi ò lè jẹ́rìí sí ìyókù. Wọ́n bèèrè ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Mo kọ fúláwà, ife kan, ṣíbí kan. Wọ́n bèèrè aago tí ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ní aago mẹ́wàá wọn kì í tíì wẹ̀. Wọ́n wá bèèrè pé ṣé orúkọ ọmọ kankan wà níléèwé mìíràn. Ọmọ mi, inú mi dùn nígbà tí mo débẹ̀, mo ní wọ́n rò pé a ò ní ìmúrasílẹ̀ ni. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjèèjì, pé wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá iléèwé, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo rí i pé àdírẹ́sì ọ́fíìsì náà wà lára àpò ìwé tí o fi sí i, sítáńbù náà wà níbẹ̀, mo ní kí ni mo tún ń yọ dírẹ́bà lẹ́nu sí, mo jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Mo rìn padà wálé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá rẹ bi mí pé fọ́ọ̀mù ọmọ yìí dà. Mo ka gbogbo ìdáhùn mi fún un látorí, mo tilẹ̀ dìde dúró kà á. Ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní ìwọ ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tìrẹ pé àwọn ọmọ ò sí níléèwé kankan, pé tí tèmi bá dé tòun ti òǹtẹ̀, wọ́n á ní o fi irọ́ gba àyè lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n á sì dá àwọn ọmọ padà síbi tí wọ́n ti wá. Mo ní tí wọ́n bá padà ńkọ́, ṣé iléèwé ń pa ọmọ ni. Ìgbà yẹn ló fa àga, ó jókòó, ó sì sọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń fi pa mọ́ fún mi. Ó ní Jẹ́jẹ́ kì í tètè mọ̀wé kà. Ó ní tíṣà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń gbé e dúró sórí àga níwájú gbogbo kíláàsì, títí yóò fi ka gbólóhùn kan tán, lójoojúmọ́, pé àwọn ọmọ wá ń sá fún un, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó mọ́, pé ó dé ibi tí ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ nínú ilé fún odindi oṣù kan. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi. Ó ní ẹ̀rù bà yín pé màá gbé ayùn wọkọ̀ wá. Òótọ́ ni, màá gbé e.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo padà lọ bá oníkẹ́míìsì, mo ní kó bá mi ṣí fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò wo aago, mi ò wo aṣọ, mo fi etí sí i. Mo gbọ́ ohùn ọmọ kan tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò fúláwà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kà á, ó fo ọ̀rọ̀ kan, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà, ó sì kà á tán. Mo bèèrè pé ohùn ta nìyẹn. Oníkẹ́míìsì ní Jẹ́jẹ́ ni. Mo ti gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, ojú ni mo fi ń wá ẹ̀sùn, mi ò gbọ́ ọmọ tó ń kàwé. Mo sunkún níbẹ̀, oníkẹ́míìsì rò pé orí ló ń fọ́ mi, ó fún mi ní oògùn, mo sì lò ó.

Ọ̀gá iléèwé ò sí nílé, àná ló dé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo bí ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní kó yọ orúkọ wọn. Ó ní rẹ́jísítà kì í ṣe sílétì tí wọ́n ń fọwọ́ nù. Ó ní ohun tí òun lè ṣe ni pé tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, òun á fa ìlà pupa, òun á sì kọ ìwé pé orúkọ wọn ti kúrò, pé àwọn ọmọ náà ò fẹsẹ̀ kan ọgbà òun rí, òun á lu òǹtẹ̀ kan náà sí i kí o lè fi han obìnrin ọ́fíìsì. Mo fi ìka ka ọjọ́. Bí mo bá dákẹ́ láti òní Ọjọ́rú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì ni ọjọ́ ìwé mẹ́wàá á pé, á ku ọjọ́ kan gbáko tí dírẹ́bà máa fi gbé ìwé náà wá fún ọ. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Láàárọ̀ òní, mi ò lọ. Mo dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Agogo lù, mo gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé ohùn tíṣà sọdá títì, ó ń pè wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti mọ ẹni tó máa ń ṣáájú Jẹ́jẹ́. Mo ki pẹ́ńsùlù bọ ẹnu, mo fi eyín dì í mú, kí ẹnu mi má baà ṣèèṣì dáhùn. Ó pe Jẹ́jẹ́. Ọmọ mi, gbogbo ìwé kejì ló dáhùn. Ọmọ méjìlélógójì, lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ó wà níbí. Mo sá sọdá títì tòun ti òòlù lọ́wọ́, kí n tó débẹ̀ tíṣà ti máàkì rẹ̀, ìwé kẹrin sì ti gbọ́ ariwo, àwọn náà ti dáhùn fún Oníbéèrè.

Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ sọ fún mi pé wọn ò rí mi, wọ́n rò pé ara mi ò yá ni, pé ṣebí èmi ni mo ní kò dáa kí orúkọ ọmọ já bọ́ sílẹ̀. Ó fi orí bẹ́ǹṣì tirẹ̀ hàn mí. Wọ́n ti sún, wọ́n ti gbé ìwé kan lé àyè kan kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀. Ó ní ti Jẹ́jẹ́ ni, pé tó bá dé, àárín àwọn ni yóò jókòó, kò ní jókòó lẹ́yìn bíi tèmi. Mo dúró níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí màá fi òòlù sí.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá péré. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní mò ń dán wọn wò ni. Ẹbẹ̀ ò ran nǹkan kan títí a fi dórí ọ̀rọ̀ bisikíìtì. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé kí n máa há bisikíìtì kọ̀ọ̀kan fún wọn gẹ́lẹ́ tí tíṣà bá ti ń sún mọ́ orúkọ náà, torí ẹnu tó kún ò ṣeé fi dáhùn. Ìwé kẹrin ní àwọn náà ò ní gbà kí wọ́n yọ àwọn sílẹ̀. Ọgọ́rin ẹnu ni gbogbo rẹ̀. Láti ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́rú kejì ni yóò parí, dírẹ́bà yóò gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí àyè àṣìṣe mọ́. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá tètè jẹ tirẹ̀ tán, ó parí fún wa.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi fi owó bisikíìtì ránṣẹ́. Owó tí mo fẹ́ fi ra ìṣó yóò gbé wa dé ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìyẹn mi ò mọ̀. Má fi í sí báńkì mi o, ẹ̀rọ wọn gbé káàdì mi mì lóṣù tó kọjá, mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì bì í. Fún dírẹ́bà. Lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn bá ń bọ̀, jọ̀wọ́ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, kí o sì bẹ olùkọ́ inú kọ̀ǹpútà kó dìde dúró lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n má kó fúláwà kúrò lórí tábìlì. Jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ ka ara àpò náà fún un. Dárí jì mí, ẹ̀rù ló mú mi ṣe gbogbo rẹ̀.

Bá mi sọ fún Jẹ́jẹ́ pé ọmọ méjìlélógójì kan wà níbí tí wọn ò rí i rí, pé àyè rẹ̀ wà láàárín wọn, kódà bí kò bá níí wá láéláé. Tó bá dàgbà tó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ bisikíìtì, kó má ṣì mí gbọ́, bisikíìtì ni mo fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nígbà tí wọ́n dáhùn fún un láàárọ̀ òní, kò sẹ́ni tó fún wọn ní nǹkan kan.

Ibikíbi tí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ tí o kò sí níbẹ̀, ẹni rere á bá ọ dáhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.